Kẹ́ẹ̀gì Tó Ní Àkísà Lọ́rùn

Ọjọ́ Ajé, 9 Okúdù

Mo ti dé, ẹ̀rù sì ti ń bà mí. Mi ò ní purọ́ fún ìwé yìí, torí mo ti purọ́ tó fún ìyá mi lórí fóònù lónìí. Mo ní inú ọ́fíìsì ni wọ́n fi mí sí, pé oògùn ni mò ń tò. Irọ́ ni. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí omíyalé kò gbé lọ ni wọ́n sọ di ilé ìtọ́jú fún àwọn tí àrùn onígbáméjì mú, inú kíláàsì kan níbẹ̀ sì niṣẹ́ mi wà. Wọ́n ti kó àga àwọn ọmọ síta, wọ́n to bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ní ihò láàárín, korobá wà lábẹ́ ihò. Iṣẹ́ ìṣirò kan ṣì wà lójú pátákó ìkọ̀wé, kò sẹ́ni tó ráyè pa á rẹ́.

Bàbá mi ti sọ tiẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ó ní ibi táwọn èèyàn ti ń sá jáde ni ọmọ òun ń wọkọ̀ lọ, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló sì tún ń lọ ṣe. Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹni tó ń kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì gbọ́dọ̀ mọ ojú aláìsàn. Ìgbà tó wá sìn mí dé ìdí ọkọ̀, ohùn ẹ̀ yí padà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹsẹ̀ ara ẹ ni kó o fi rìn wọlé padà o. Má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ wá bá mi." Mo ṣèlérí. Ìlérí yẹn ló ń sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá ti rí korobá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, ọ̀gá wa, kò fi bẹ́ẹ̀ kí mi. Ó fi ibi ìfọwọ́ hàn mí, ó gbé ife kan àti ṣíbí kan lé mi lọ́wọ́. Òfin ẹ̀ kò pọ̀: ẹni tó bá di ife aláìsàn mú kò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ àfi tí ẹlòmíràn bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló wà nínú ife. Ṣíbí kan, kó o dúró díẹ̀, ṣíbí kan. Ohun tó ń dá ẹ̀mí dúró níbí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìyẹn lọ, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́rú, 11 Okúdù

Òjò. Ọwọ́ mi ti ń bó. Bàbá Olómi, tó máa ń fi ọmọlanke gbé omi wá láti odò tó sì ń po oògùn apakòkòrò sí i, ti sọ mí lórúkọ: Fọwọ́fọwọ́. Ó ní bí mo bá ń fọ̀ ọ́ báyìí, egungun ni màá gbé délé. Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tí dírípù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ máa rín in. Ìfura loògùn àgbà.

Ọṣẹ kan ní ṣọ́ọ̀bù iwájú géètì ti di ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń tà á nílé. Mo rà á.

Ọjọ́bọ̀, 12 Okúdù

Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wọlé láàárọ̀, kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ojú ẹ̀ ti wọnú. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní kí n fi ìka mú awọ ikùn ẹ̀ kí n sì fi í sílẹ̀. Awọ náà dúró bí mo ṣe mú un, kò padà. Mo ti ka èyí nínú ìwé, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì lórí ẹ̀. Ìwé kò sọ fún mi pé ọmọ náà á máa wò mí.

Wọ́n rí iṣan ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wàhálà, dírípù sì wọlé. Ṣùgbọ́n dírípù kò tó, ó gbọ́dọ̀ mu omi. Kò mu. Mo bu ṣíbí kan sí i lẹ́nu, ó tu ú sí mi láyà. Mo tún bu, ó tún tu ú. Títí ọ̀sán fi pọ́n, aṣọ mi ló mu omi náà tán. Bàbá Olómi yọjú, ó ní orúkọ ọmọ yìí ti dé: Kò-mu.

Ìyá ẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnu ọ̀nà gan-an. Ọwọ́ mi ló ń wò. Bí mo bá bu ṣíbí, ojú ẹ̀ á tẹ̀ lé e lọ, á tẹ̀ lé e bọ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé mo jí nǹkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Okúdù

Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bá mi ṣàwàdà lánàá. Láàárọ̀ yìí wọ́n ti fọ bẹ́ẹ̀dì náà, omi ń kán lára ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tá a jọ wá, tá a jọ ń sun yàrá kan, di ẹrù ẹ̀. Ó ní òun ò wá kú. Mi ò bá a jiyàn. Mo bá a gbé báàgì dé ìdí ọkọ̀, awakọ̀ sì bi mí bóyá èmi náà ń lọ. Mo ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Mi ò ní sọ pé ìfẹ́ ọmọ aráyé ló dá mi dúró. Bóyá ojú tí bàbá mi máa fi wò mí ni. Bóyá torí pé mo ti gbé ife Kò-mu lé Nọ́ọ̀sì Àgbà lọ́wọ́, tí mo sì ní mò ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Okúdù

Kò-mu mu odindi ife kan lónìí. Ẹ bá mi yọ̀.

Ẹ̀tàn ni mo fi ṣe é. Mo ya ewúrẹ́ sí abẹ́ ìṣirò ojú pátákó, ṣùgbọ́n orí nìkan ni mo yà. Mo ní tó bá gbé ṣíbí kan mì, màá ya ọrùn. Ó rò ó. Ó gbé e mì. Ọrùn. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, ikùn, ìwo. Tó bá fẹ́ tan mí jẹ, tó fi omi náà sẹ́nu láìgbé e mì, màá dúró ti pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì títí ọ̀fun ẹ̀ á fi mì. Ìgbà tó mu ún tán, ìrù ló kù. Mo ní ìrù dọjọ́ tó bá fẹ́ lọ sílé. Ó bú mi. Ohùn ẹ̀ ò lágbára, ṣùgbọ́n èébú gidi ni.

Mo bojú wo ìyá ẹ̀. Kò ní o ṣé, kò ní o kú iṣẹ́, kò tiẹ̀ mi orí. Nílé wa, bí èèyàn bá báni sọ̀ garawa omi lásán, a óò dúpẹ́, ilẹ̀ á mọ́, a óò tún dúpẹ́ àná. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo sọ ọ́ fún Nọ́ọ̀sì Àgbà níbi ìfọwọ́. Ó bi mí bóyá ọpẹ́ ni mo wá kó jọ. Inú bí mi títí di alẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Okúdù

Oòrùn yọ. Ọwọ́ mi dilẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án, mo bá lọ sẹ́yìn wọ́ọ̀dù níbi tí kẹ́ẹ̀gì omi wà. Wọ́n so àkísà mọ́ ọrùn àwọn kan, ìdọ̀tí ara àkísà náà ò ṣeé fẹnu sọ. Mo rò pé kí ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì má baà gé ẹni tó ń gbé e ni wọ́n ṣe so ó. Mo tú gbogbo ẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a. Mo tún fọ ara àwọn kẹ́ẹ̀gì náà, mo tò wọ́n bí ọmọ ilé ìwé. Orí mi wú.

Ìyá Kò-mu ń fọ aṣọ ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀. Oòrùn mú. Mo bu omi ife kan fún un látinú kẹ́ẹ̀gì, èmi náà mu ọ̀kan. Kò dúpẹ́. Mo sì tún ń retí ẹ̀.

*Ìrọ̀lẹ́.* Bàbá Olómi dé, ó rí àkísà lórí okùn, ó gbé ọwọ́ lérí. Kẹ́ẹ̀gì omi tó ti gba oògùn ló máa ń so àkísà mọ́. Èyí tí kò bá ní àkísà, omi odò ni, ó ṣì ń dúró de oògùn. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n àfi èmi. Mo ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ó ní ta ni wọ́n máa ń sọ fún pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbà wọlé? Lẹ́yìn náà ló wo àwọn kẹ́ẹ̀gì tí mo tò, tí gbogbo wọn mọ́ tí wọ́n sì jọra, ó da gbogbo ẹ̀ nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó padà sódò nínú òkùnkùn.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, omi tàwọn aláìsàn kò sí níbẹ̀. Ìkòkò ni Nọ́ọ̀sì Àgbà ti ń se ìyẹn fúnra ẹ̀. Ó bi mí ta ló mu nínú ti ẹ̀yìn. Mo ní èmi àti Ìyá Kò-mu. Kò pariwo. Ó ní kí n lọ sọ fún un.

Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, pé mi ò mọ̀ bóyá omi tí mo fún un mọ́ tàbí kò mọ́. Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Ó ti wọnú ná." Ó ń ká aṣọ ọmọ ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Okúdù

Inú mi ń kùn. Mi ò mọ̀ bóyá ebi ni tàbí àrùn náà.

Ọjọ́ Ajé, 23 Okúdù

Èmi ń wo Ìyá Kò-mu, òun náà ń wò mí. Bó bá dìde lọ sẹ́yìn, màá máa ka ìṣẹ́jú. Bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, màá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kò-mu ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò tíì lè dúró dáadáa. Bí nǹkan bá ṣe ìyá ẹ̀, ta ló máa gbé e lọ sílé? Kí ni màá sọ fún ọmọ náà? Ṣé màá tún ya ewúrẹ́ ni?

Ìyá mi pè. Ó ní báwo ni ọ́fíìsì. Mo ní ó tura, mà, fáànù wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Okúdù

Ó ti dé. Èmi ló bá. Ẹ̀ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ń kọ èyí kí wọ́n lè

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Okúdù

Ara mi ò tíì le, ẹ fojú fo ìkọ̀wé yìí.

Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ Kò-mu ni wọ́n tẹ́ mi sí, orí ihò náà. Korobá tí mo ti ń gbé fáwọn èèyàn, èmi ni mò ń kún un báyìí, ẹlòmíràn sì ń gbé e. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kú. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá yé mi pé mo lè kú lóòótọ́, ojú ò sì tì mí mọ́. Ẹsẹ̀ mi dì, bíi pé ẹnì kan ń fún un bí aṣọ. Ohun tí mo rí ṣáá ni ìyá mi níwájú ilé, tó ń wo ọkọ̀ kan tó ń fà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo gbọ́ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Àgbà ń wá ẹni tó máa di ife mi mú. Ọwọ́ ò tó. Ìyá Kò-mu dìde nílẹ̀, ó fọ ọwọ́ ẹ̀, ó pẹ́ níbi ìfọwọ́ bí èmi ṣe máa ń pẹ́, ó sì gba ife náà. Kò gbé e sílẹ̀. Àárọ̀ di alẹ́, alẹ́ di àárọ̀, bí mo bá ti lajú, ṣíbí yẹn ni mo máa ń rí. Mo tu ti àkọ́kọ́ sí i lára. Omi náà burú lẹ́nu, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò-mu rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀. Ó ní, "Àǹtí náà ni Kò-mu." Ó wá ní tí mo bá gbé e mì, òun máa ní kí wọ́n gbé òun dé pátákó, kóun ya ewúrẹ́ tèmi.

Mo gbé e mì. Ewúrẹ́ mi wà níbẹ̀, ó jọ ìjókòó.

Lánàá ni ohùn mi padà. Mo sọ fún Ìyá Kò-mu pé òun ló yẹ kó dùbúlẹ̀ síbí, torí èmi ni mo bu omi yẹn fún un. Ó ní kí n mu èyí tó wà níwájú mi. Mo mu ún. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Kíá ló fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Má tíì sọ ọ́," ló wí.

Mo ní wọ́n máa ń sọ nílé wa pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ó ń po omi inú ife.

"Èmi dúpẹ́, mi ò rí òmíràn gbà," ló wá sọ. "Èyí tí mo kọ́kọ́ bí, irú ibí yìí ló dùbúlẹ̀ sí. Ó dìde jókòó, ó ní ebi ń pa òun. Mo kúnlẹ̀ fún wọn yípo, mo dúpẹ́ títí ohùn mi fi ha. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ. Ọpẹ́ tí mo dú yẹn ṣì wà lẹ́nu mi. Láti ìgbà náà, mi ò dúpẹ́ lórí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ ní ìdí ọkọ̀ náà ló sọ yìí, wọn ò sì mọ ara wọn rí. Èmi tí mo pè é ní ọlọ́ṣà nínú ìwé yìí. Mo bi í bóyá inú ò bí i sí mi lórí ọ̀rọ̀ omi. Ó ní ó bí i, ó bí i gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní látọjọ́ tóun ti dé lòun ti ń wo ọwọ́ mi, ó sì ń bó nítorí ọṣẹ. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó báyìí tí kò sì sá lọ.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n mi ò dá nìkan bẹ̀rù mọ́.

Ọjọ́rú, 2 Agẹmọ

Kò-mu lọ lónìí. Ó fúnra ẹ̀ ya ìrù sí ewúrẹ́, ó gùn dé ògiri. Ìyá ẹ̀ pọ̀n ọ́n. Afárá tó lọ sápá ibi tí wọ́n ń gbé ti já, ilé ìbátan kan ni wọ́n á kọ́kọ́ yà títí omi á fi fà. Mo tẹ nọ́ńbà mi sórí fóònù ẹ̀, mo sì gba tiẹ̀.

A dúró ní géètì, a ń wo ara wa. Kò dúpẹ́. Èmi náà ò dúpẹ́. Bàbá Olómi ń wò wá, ó ní irú àwọn aláìmoore wo lẹ jẹ́ yìí? Ẹ̀rín pa wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n yíjú, òjò bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Agẹmọ

Mo ti délé. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ìta, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé. Bàbá mi ní mo rù, ó wọ yàrá, ó pẹ́ kó tó jáde, ojú ẹ̀ pọ́n. Ìyá mi gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó yí wọn padà, ó wo ibi tó bó.

Ó ní, "Ọ́fíìsì, àbí?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó sunkún, ó sì ní lọ́la la máa lọ dúpẹ́ nílé Ọlọ́run, òun á pe àwọn ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró ná, àwọn kan ò tíì délé. Ó wò mí bíi pé àìsàn náà ti gun orí. Ṣùgbọ́n ó dúró.

Ọjọ́rú, 23 Agẹmọ

Mo pe nọ́ńbà Ìyá Kò-mu títí, kò wọlé. Mo pe Nọ́ọ̀sì Àgbà. Ó ní omi tún ti kún lápá ibẹ̀, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Káàdì ìpè mi tán. Mo ra òmíràn, ó tún tán.

Omi ẹ̀rọ ń dà ní kíṣìnì wa látàárọ̀, ẹnì kan gbàgbé láti tì í. Mo pariwo mọ́ àbúrò mi débi pé gbogbo ilé jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Agẹmọ

Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè lọ́sàn-án. Mo gbé e. Òun ni. Kò kí mi.

Ó ní, "Ṣé o ti délé? Ṣé ẹsẹ̀ ẹ lo fi rìn wọlé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó ní wọ́n ti tún afárá ṣe. Ó ní láàárọ̀ yìí ni wọ́n kọjá, omi ti wọ yàrá, ẹrẹ̀ wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ilé dúró. Ọmọ náà ní kí ìyá pọn òun, ìyá kọ̀. Ọmọ jókòó sójú ọ̀nà, ó ń ké, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ sí òun pé ìyá burúkú ni. Òun dúró tì í níbẹ̀. Nígbà tọ́mọ náà rí i pé ìyá ò ní pọn òun, ó dìde, ó fi ìbínú rìn, ó sì kọjá lára ìyá.

Mo gbọ́ ohùn Kò-mu lẹ́yìn, ó ń bú ẹnì kan.

Ó ní, "Ó ti wọlé." Ohùn ẹ̀ já. "O ṣé. O ṣé, ọmọ mi. O ṣé."

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kí n tó mọ̀. Mo ní ẹ ṣé, mà. Mo ní ẹ ṣé ti ife, ẹ ṣé ti ṣíbí, ẹ ṣé ti ọjọ́ tẹ́ ẹ kò sùn. Mi ò lè dúró. Káàdì ẹ̀ tó tán ló dá wa dúró.

Ìyá mi sáré jáde láti kíṣìnì pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ó rò pé ẹnì kan ti kú. Ó gbé omi náà fún mi kí n lè mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo wò ó, mo mu ún tán, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà.

Ó ní, "Nítorí omi?"

Mo ní, "Nítorí omi, mà."

Ó jókòó sílẹ̀ tì mí. Nígbà tó yá, ó fi etí aṣọ ẹ̀ nu ojú mi, ó ní, "Ṣé a ti wá lè lọ dúpẹ́ báyìí?"